Ampilifáyà kú lóde òkú, ẹni tó tà á ní kí n san owó bọ́ọ̀dù: ṣé kí n san án?

Ìyá kan tó ń fi àga, kánópì àti ẹ̀rọ ohùn ṣòwò yíyá ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìyí:

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹrin rèé tí mo ra ampilifáyà kan ní Adó, wọ́n kọ 2000W gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Wáráńtì oṣù mẹ́fà wà lórí rìsíìtì, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kan ohun tó bá jóná. Sípíkà mẹ́rin la máa ń fi sí i. Ní Sátidé tó kọjá a gbé e lọ sóde òkú kan, jẹnẹrétọ̀ la fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ, kò pẹ́ tí ohùn kú pátápátá, iná pupa tí wọ́n kọ PROTECT sí lábẹ́ tàn, kò sì lọ mọ́. Mo gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ó tàn án wò níṣojú mi, ó ní a ti lò ó kọjá agbára rẹ̀, bọ́ọ̀dù ti jóná, kí n mú ₦95,000 wá. Oníṣẹ́ rédíò kan ládùúgbò wa ní ₦30,000 lòun máa gbà. Ọmọ iṣẹ́ mi ní bóyá fíúsì ni, torí òun ti pààrọ̀ rẹ̀ rí lóṣù tó kọjá. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi ni?"

Ẹ kú ìyọnu, ìyá wa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ₦95,000 nìkan ló ń dùn yín. Sátidé mìíràn ń bọ̀, ẹni tó ti san àsansílẹ̀ fún òde kò ní gbọ́ àlàyé riléè àti fíúsì. Ìbéèrè mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín: kí ló bà jẹ́, ta ló bà á jẹ́, èló ló yẹ kí wọ́n gbà tún un ṣe. Ẹni tó tà á fún yín ti fi gbólóhùn kan dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fi túnfíìsì kan ìdérí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ní ₦30,000 kò tiẹ̀ tíì fojú rí i. Nítorí náà, kó tó kan pé ẹ gba ẹnikẹ́ni gbọ́, àyẹ̀wò kò tíì wáyé rárá. Iye owó tí wọ́n dá síwájú àyẹ̀wò, ìméfò ni, ìbáà kéré ìbáà pọ̀.

Iná PROTECT tó tàn kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti jóná. Riléè kan wà nínú ampilifáyà, ó dúró sáàárín bọ́ọ̀dù àti ibi tí ẹ ń ki wáyà sípíkà bọ̀. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ óò wá gbọ́ "ká" nínú rẹ̀. Riléè ló panu dé yẹn, ohùn á ráyè kọjá. Bí ẹ̀rọ bá rí ohun tó lè pa á lára tàbí tó lè pa sípíkà lára, kò ní jẹ́ kí riléè panu dé, iná pupa á sì tàn. Ohun tó lè rí pọ̀. Wáyà sípíkà lè ti fara kanra, pàápàá níbi ẹnu wáyà tí wọ́n fi eyín bó tí wọ́n sì kì bọ ihò bẹ́ẹ̀ láìlo jáàkì. Ẹ̀rọ lè gbóná jù, torí eruku ọyẹ́ àti ti abẹ́ kánópì ti dí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀. Iná tó ń wọlé lè má tó. Èyí tó burú jù ni pé kí tiransísítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fún ohùn lágbára, ti lọ, kí iná DC inú ẹ̀rọ (iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo) sì ti dé ẹnu sípíkà. Nínú irú ẹ̀rọ báyìí, iná inú rẹ̀ lè tó fóltì 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lápá rere àti lápá òdì. Bí ara ẹ̀rọ bá yá, ohun tó yẹ kí mítà tí a fi ń wọn iná rí ní ẹnu sípíkà nígbà tí orin kò lọ kì í ju ìdá kan nínú ogún fóltì kan lọ. Bí odindi fóltì 60 bá bọ́ síbẹ̀, kóìlì sípíkà á rùn fún èéfín kí ẹ tó sáré dé ìdí rẹ̀. Riléè yẹn ló ń gba sípíkà yín sílẹ̀, nítorí náà ẹ má bínú sí iná pupa.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe níṣojú yín kò gba àkókò. Kí wọ́n yọ gbogbo wáyà sípíkà kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ wáyà tó ti ara mísà (ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀) wá, kí ẹ̀rọ tutù dáadáa, kí wọ́n wá tàn án lófo bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "ká" tí iná pupa sì lọ, ó ṣeé ṣe kí ara ẹ̀rọ yá; wáyà, sípíkà, ooru tàbí iná tó ń wọlé ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ọ́ọ̀mù ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó; bó bá ṣe kéré tó ni ẹrù tó wà lórí ẹ̀rọ ń pọ̀ tó. Sípíkà oní 8 ọ́ọ̀mù tó wà láàyè máa ń fi nǹkan bíi 6 hàn lórí mítà. Èyí tó bá fi òdo hàn, tàbí tó súnmọ́ ọn, kóìlì rẹ̀ ti yọ́ pọ̀, òun ló ń mú kí ẹ̀rọ ké. Ṣùgbọ́n bí iná pupa bá ṣì dúró nígbà tí kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, inú ẹ̀rọ ni ìṣòro wà. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan kọ́kọ́ ha kí ohùn tó kú, inú ẹ̀rọ lèmi náà fura sí. Síbẹ̀ ìfura ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án lófo kẹ́ ẹ fojú rí i.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé inú ẹ̀rọ ni. Àwọn tiransísítọ̀ ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìdè (síkúrù) mọ́ irin tó ń gba ooru lára wọn. Méjìméjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń ti ohùn lọ, èkejì ń fà á bọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wá sí Adó láti Alábà ni 2SC5200 àti èkejì rẹ̀ 2SA1943, tí àwa oníṣẹ́ kàn ń pè ní 5200 àti 1943. Ẹ̀rọ ńlá lè ní mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá lọ, kì í sábà dá lọ. Inú rẹ̀ á yọ́ pọ̀, iná á gba ibẹ̀ kọjá gbuurugbu, á mú èkejì rẹ̀, á jó rẹsísítọ̀ funfun tó wà nídìí rẹ̀, nígbà mìíràn á dé ọ̀dọ̀ àwọn tiransísítọ̀ kékeré tó ń darí àwọn ńlá. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe fi máa ń pààrọ̀ gbogbo àwọn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bí mítà bá ní méjì ṣì dára. Ẹni tó bá pààrọ̀ kìkì èyí tó kú, ẹ̀rọ á kọrin dé ilé yín, á tún dákẹ́ lóde tó tẹ̀ lé e.

Ẹ wá kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí, bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. Pátákó tí wọ́n to nǹkan lé lórí ni. Àfi bí iná bá sun ún dúdú tí ìlà bàbà ara rẹ̀ sì ṣí kúrò, ó ṣì wúlò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni pé wọn kò ní ẹni tó lè jókòó ti ẹ̀rọ kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n á yọ odindi bọ́ọ̀dù, wọ́n á ki òmíràn tó ti Ṣáínà dé bọ̀ ọ́, wọ́n á gba owó bọ́ọ̀dù tuntun lọ́wọ́ yín, wọ́n á sì ti tàtijọ́ sábẹ́ tábìlì. Tó bá yá, ẹnìkan á fi tiransísítọ̀ díẹ̀ jí i, ó tún di ọjà. Mi ò sọ pé ohun tí ẹni yín fẹ́ ṣe nìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹ bá san owó bọ́ọ̀dù, ẹ̀yin lẹ ni bọ́ọ̀dù àtijọ́, ẹ gbà á dání kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún un ṣáájú pé ẹ óò gbà á. Ó lè jẹ́ pé gbólóhùn yẹn nìkan á ti mú owó náà wálẹ̀.

Ní ti ẹni tó jẹ̀bi, mi ò ní gbè yín lẹ́yìn láìwádìí. Ó ní ẹ lò ó kọjá agbára. Sípíkà mẹ́rin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí wọ́n ṣe so wọ́n ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 8 ọ́ọ̀mù, tí méjì wà lápá ọ̀tún, tí méjì wà lápá òsì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rí 4 ọ́ọ̀mù. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò. Bí wọ́n bá kọ 4–8Ω síbẹ̀, ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kẹ́ ẹ ṣe lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n mo ti rí i lóde ju bó ṣe yẹ lọ: dííjéè ń kánjú, ẹni tó ni òde ń pariwo, wọ́n á fa wáyà láti ara sípíkà kìíní sí èkejì, láti èkejì sí ẹ̀kẹta, títí gbogbo wọn á fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mẹ́rin oní 8 ọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti di 2 ọ́ọ̀mù. Iná tí ẹ̀gbẹ́ yẹn ní láti tú jáde ti di ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Kò ní kú lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Á kọ́kọ́ dùn, irin á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sán, tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí agbo ijó gbóná tí wọ́n sì yí ohùn sókè, ẹ̀gbẹ́ tó ń ru ẹrù á lọ. Ẹ sì rántí pé ìrọ̀lẹ́ ni ti yín, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ BRIDGE sí, èyí tó ń so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ sí BRIDGE, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò fẹ́ ju sípíkà oní 8 ọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ. Ẹ pe ọmọ iṣẹ́ yín, kó so wáyà náà padà lójú yín gẹ́lẹ́ bó ṣe so ó lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fi ìbínú bi í, torí tẹ́ ẹ bá fi ìbínú bi í, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa sọ.

Fíúsì tó pààrọ̀ lóṣù tó kọjá ló kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà yín, ẹ sì kàn fẹnu bà á kọjá ni. Fíúsì kì í dédé já. Iná tó fò sókè lẹ́ẹ̀kan lè já a, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé nǹkan ti ń yọ́ nínú ẹ̀rọ láti ìgbà yẹn. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni: irú fíúsì wo ló fi rọ́pò rẹ̀? Wọ́n ti kọ iye ámpíà tó yẹ sí ẹ̀gbẹ́ ihò fíúsì lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ 8 ni wọ́n kọ tí òun sì ki 15 bọ̀ ọ́, tàbí tó yí wáyà mọ́ ọn, tàbí tó lo ìwé fàdákà inú páálí sìgá, ó ti gba ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tiransísítọ̀ méjì ìbá lọ, kí fíúsì já. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú fíúsì tó tóbi jù yẹn, mẹ́jọ á lọ, bọ́ọ̀dù á sì dúdú. Bí ẹni tó tà á bá ṣí ẹ̀rọ tó bá fíúsì 15 níbẹ̀, ẹjọ́ yín ti rọ̀, kò sí bí mo ṣe lè gbà yín sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé iye kan náà ló fi sí i, òdìkejì ni. Ẹ̀rí yín ni pé ẹ̀rọ tí kò tíì lo oṣù mẹ́rin ti ń já fíúsì láìsí ẹni tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ẹ wádìí èyí kẹ́ ẹ tó padà lọ sí Adó, kí wọ́n má fi dójú tì yín níbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Fóltì 230 ni iná tó yẹ kó wọ ẹ̀rọ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour", kò lè gbé ampilifáyà ńlá, mísà àti gílóòbù kánópì pọ̀. Bí ilù bá dún kíkankíkan, iná á wálẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ á wá yí ẹnjìnnì sókè kó lè lágbára. Bí orin bá dákẹ́ lójijì, kò sí ẹrù mọ́, iná á fò lọ sí 270, 280. Bó bá jẹ́ pé iná tó fò ló pa ẹ̀rọ yín, kò ní mú ẹ̀rọ yín nìkan. Gílóòbù á já, adápítọ̀ mísà á kú, ṣájà fóònù ẹnìkan á rùn. Ẹ bèèrè. Bí gbogbo nǹkan tó wà lórí jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ yẹn bá ṣì ń ṣiṣẹ́, mi ò rò pé jẹnẹrétọ̀ ló ṣe é.

Èyí tí ẹni tó tà á kò ní dárúkọ ni pé ẹ̀rọ náà lè ti ní àbùkù láti ilé. Ayédèrú 5200 kún ọjà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tiransísítọ̀ kékeré ni wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí lára. Mo máa ń ri òwú bọ omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, màá fi nu ojú rẹ̀. Nọ́ńbà ti ayédèrú sábà máa ń ṣí kúrò mọ́ òwú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn, ìdè tó mú tiransísítọ̀ mọ́ irin kò le, tàbí kí wọ́n má fi ọ̀dà funfun tó ń gbé ooru sí abẹ́ rẹ̀ tó. Irin á tutù rinrin lọ́wọ́ yín, tiransísítọ̀ á máa jó lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá tú ẹ̀rọ yín níṣojú yín, ẹ ní kí wọ́n fi túnfíìsì kan ìdè kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yọ ọ́. Èyí tó bá yí láìlo agbára, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Àbùkù ilé iṣẹ́ nìyẹn, kò sí sípíkà tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń tú ìdè. Nínú èyí tí mo ti ṣí, ìdè tó tú àti ayédèrú tiransísítọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹ̀rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ mi mọ nìyí: tiransísítọ̀ tó ti yọ́ kì í sábà sọ ohun tó pa á. Sípíkà tó pọ̀ jù, ooru, ayédèrú, gbogbo wọn lè parí sí ihò dúdú kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ẹ̀rọ láti ìta tó sì búra pé oníbàárà ló jẹ̀bi, tàbí pé olùtà ló jẹ̀bi, ẹ fura sí i. Èmi náà wà níbí, mi ò rí ẹ̀rọ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí 2000W yẹn, torí ó lè ṣe yín láǹfààní. Ẹ wo fíúsì ẹ̀yìn ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jẹ́ ámpíà 8, ẹ fi 8 lọ́nà 230, ó di 1,840. Iye wáàtì tó lè máa wọlé láti ara iná láìjá fíúsì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá kan nínú rẹ̀ ń di ooru lórí irin kó tó di ohùn. Ẹ̀rọ tí kò lè gba 2000 wọlé kò lè máa tú 2000 jáde. Ohun tí wọ́n máa ń kọ síwájú ni iye tó bá fò fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, tàbí iye tó wu ẹni tó tẹ páálí. Iye tòótọ́ ni èyí tí wọ́n bá kọ RMS sí (agbára tó lè máa tú jáde láìdúró), tí wọ́n sì sọ iye ọ́ọ̀mù rẹ̀, bóyá lẹ́yìn ẹ̀rọ tàbí nínú ìwé rẹ̀, ní lẹ́tà tíńtìntín. Bí ẹ bá ra sípíkà mẹ́rin torí pé ẹni tó tà á fún yín sọ pé 2000W gbé wọn, tí òun náà sì ń sọ báyìí pé sípíkà mẹ́rin ti pọ̀ jù, ẹ ní kó yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019. Ó ní ọjà gbọ́dọ̀ dára fún ohun tí wọ́n ń tà á fún, kò gba irọ́ nípa ohun tí ọjà lè ṣe, ó sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe. Àkọlé "a kì í dá owó padà" tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín níbi tí àbùkù bá wà. Ní ti "kò kan ohun tó bá jóná" tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì yín, ẹ bi wọ́n pé kí wá ni wáráńtì yẹn kàn nínú ampilifáyà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn ẹ̀rọ iná, jíjó ló ń parí sí. Ohun tó yẹ kí gbólóhùn yẹn máa bèèrè ni ohun tó jó o. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò ní kí ẹnikẹ́ni san owó ohun tí ẹlòmíràn fi wáyà àti fíúsì tí kò yẹ bà jẹ́. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wádìí ọmọ iṣẹ́ yín ṣáájú nìyẹn. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí tẹ́ṣàn, ìyá wa. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò jẹ́ kí wọ́n mú ènìyàn torí àdéhùn owó tó yingin, ẹ óò kàn lọ náwó mìíràn níbẹ̀ ni. Alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ládùúgbò ṣọ́ọ̀bù náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ní Adó, èyí máa ń yára ju ìwé lọ, torí olùtà kò fẹ́ kí orúkọ òun bàjẹ́ lọ́jà. Bí kò bá so èso, àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin yẹn, ń gba ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, rìsíìtì, fọ́tò àti àtẹ̀ránṣẹ́ WhatsApp lẹ óò sì fi tì í lẹ́yìn. Ó lè pẹ́ o. Ẹni tó ní òde ní Sátidé kò lè fi gbogbo ara gbára lé e.

Kí ni èmi ó ṣe bí mo bá wà ní ipò yín? Mi ò ní san ₦95,000. Mi ò sì ní gbé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ bá oní-₦30,000 lónìí, torí bí ọwọ́ mìíràn bá ti tú u, wáráńtì ti kú nìyẹn, olùtà á sì rí ẹni di ẹ̀bi rù. Màá ní kó ṣí i níṣojú mi. Màá ní kó kọ ohun tó bà jẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó ya owó iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Màá wá lọ bèèrè iye tiransísítọ̀ wọ̀nyẹn ní ṣọ́ọ̀bù méjì mìíràn, tìtì kan náà ni wọ́n wà. Bí ìdè bá tú, bí nọ́ńbà bá ṣí mọ́ òwú, tàbí bí ẹ kò bá rí ohunkóhun tó jọ àṣìlò, òun ni kó tún un ṣe lófẹ̀ẹ́, màá sì dúró lórí rẹ̀. Bí a bá rí fíúsì 15, tàbí tí ọmọ iṣẹ́ mi jẹ́wọ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo sípíkà wà, màá san owó nǹkan tó kú àti owó iṣẹ́, mi ò ní san owó bọ́ọ̀dù. Bí kò bá sí ẹ̀rí fún apá kankan, kí n san owó nǹkan, kí òun fi owó iṣẹ́ jì mí, ó tọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kẹ́ ẹ má fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀. Wọn kò ní òde ní Sátidé. Bó bá kọ̀ jálẹ̀ láti ṣí i níṣojú yín, ẹ gba ẹ̀rọ yín, kẹ́ ẹ ní kó kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì pé òun gbà á, òun kò sì tún un ṣe. Nígbà náà lẹ lè wá ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe dandan kó jẹ́ oní-₦30,000. Ẹni tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀ kó tó dá iye ni kẹ́ ẹ wá.

Ohun méjì wà tẹ́ ẹ lè fojú ara yín ṣọ́ níbi iṣẹ́, ẹ kò nílò láti mọ iná. Àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo tiransísítọ̀ tí wọ́n yọ lé yín lọ́wọ́. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n fi mítà sí ibi tó ń dún "píì", kí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan kan ẹsẹ̀ àárín, kí wọ́n fi èkejì kan ẹsẹ̀ ọ̀tún nígbà tí nọ́ńbà kọjú sí yín. Bó bá dún, ó ti kú. Bí kò bá dún, ó ṣì lè ti kú lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n bí mẹ́jọ bá wà tí kò sí ẹyọ kan tó dún, ẹ bèèrè ìdí tí wọ́n fi yọ wọ́n. Ìkejì ni pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tan ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n so gílóòbù oníwáyà àtijọ́ ti wáàtì 100 sáàárín iná àti ẹ̀rọ. Oníṣẹ́ gidi ti ní i lórí tábìlì rẹ̀. Gílóòbù á tàn yòò lẹ́ẹ̀kan, á sì rọlẹ̀ di pupa rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀ tàbí kó kú, ó dára. Bó bá tàn yòò tó dúró bẹ́ẹ̀, nǹkan ṣì yọ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n pa á. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣe èyí nílé o. Kapásítọ̀ méjì ńláńlá wà nínú ẹ̀rọ yẹn tó ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà lára ògiri. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín ṣí ìdérí rẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gbà á, ẹ gbé méjì nínú sípíkà yín dání láti Ìkẹ́rẹ́. Kí orin lọ fún bíi wákàtí kan ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó san èyí tó kù nínú owó. Ẹ fọwọ́ kan irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ìta. Kí gbígbóná wọn jọra. Bí ọ̀kan bá ń jó yín lọ́wọ́ tí èkejì sì tutù, kò tíì parí. Kí wọ́n kọ iye oṣù tí wọ́n fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ àtúnṣe náà sórí ìwé. Ní ti Sátidé tó ń bọ̀, ẹ yá ampilifáyà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín, kẹ́ ẹ fi sípíkà kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì ní kí dííjéè fi ọwọ́ kúrò ní bọ́tìnnì ohùn bí iná pupa tí wọ́n kọ CLIP sí, tó ń sọ pé ohùn ti kọjá agbára ẹ̀rọ, bá ti ń ṣẹ́jú lemọ́lemọ́.